Ta ló yẹ kó pinnu: àwa tá a kọ sọ́fítíwíà, àbí ẹni tó ń lò ó?

Abíọ́dún, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ṣòwò.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ kọ sọ́fítíwíà kan tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣírò ọjà: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, ta ló jẹ gbèsè, ta ló ti dá àjọ. Orí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń lò ó lọ́jà Ouando níbí, àwọn kan wà ní Kétu, àwọn tó ń ra kájú ní Ṣábẹ̀ náà sì ti ń lò ó.

Gbogbo ẹni tó bá béèrè nǹkan la máa ń dá lóhùn. Ẹni tó ń ta aṣọ ní kí orúkọ oníbàárà ṣáájú iye owó. A ṣe é. Ẹni tó ń ta àgbàdo ní òun kì í fi kílò wọn nǹkan, àpò lòun ń kà. A ṣe é. Àwọn ará Kétu ní náírà àti sẹ́fà ló ń wọlé fún àwọn lọ́jọ́ kan náà; a ṣe é. Ẹnì kan fẹ́ kí ojú ẹ̀ dúdú, ẹnì kan fẹ́ kó funfun, ẹnì kan ní kí bọ́tìnnì “Tọ́jú” wà lókè, ẹlòmíì ní ìsàlẹ̀ ló dáa. Ojú-ewé sẹ́tíǹgì ti wá gùn débi pé èmi tí mo kọ ọ́ gan-an, mo ní láti máa wá nǹkan kiri níbẹ̀.

Orí fóònù ni wàhálà ẹ̀ ti ń yọ jù. Màmá kan pè mí láti ọjà pé àwọn ò rí ibi táwọn á ti tẹ ìwé gbèsè jáde. Mo ní, “Mà, ẹ tẹ bọ́tìnnì kẹta lápá òsì.” Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ojú-ewé àjọ ló ṣí. Ọmọ wọn tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn ti kó àwọn bọ́tìnnì yẹn kúrò ní àyè wọn, torí sọ́fítíwíà náà gbà á láyè. Mi ò rí ohun tí wọ́n ń rí, àwọn náà ò rí ohun tí mò ń sọ. A wà lórí ẹ̀ títí owó fóònù wọn fi tán.

Àbúrò mi ní ká yọ èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́tíǹgì náà kúrò, ká fúnra wa yan èyí tó dáa, ká sì dúró lórí ẹ̀. Èmi ò lè gbà bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Owó wọn ni, ìwé wọn ni, kọ̀ǹpútà wọn ni. Tá a bá gba ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò kúrò lọ́wọ́ wọn, a ti fojú di wọ́n. Síbẹ̀, tá a bá ń fi kún un lọ báyìí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á á ṣí i, ẹ̀rù á bà á, á sì padà sídìí ìwé tó ń fọwọ́ kọ.

Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ ká pinnu fún èèyàn, àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀ fún un? Tá a bá sì yí nǹkan padà nínú ẹ̀yà tuntun, kí la máa ṣe fún ẹni tó ti yan tiẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Olùkọ́ Kétu

Abíọ́dún, àbúrò mi, o kú akitiyan. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbí, Linux ló ń darí àwọn ẹ̀rọ wa bí Windows ṣe ń darí ti àwọn míì; ojú iṣẹ́ tí èèyàn ń rí lórí ẹ̀ sì jẹ́ GNOME lórí àwọn kan, KDE lórí àwọn tó kù. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé.

Àríyànjiyàn ìwọ àti àbúrò rẹ ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 2002, nígbà tí GNOME 2 jáde, àwọn tó ń ṣe é yọ ọ̀pọ̀ sẹ́tíǹgì kúrò. Havoc Pennington, ọ̀kan nínú wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé kò sí sẹ́tíǹgì tí kò ní iye tó ń náni: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi kún ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dán wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi kún ohun tí èèyàn máa kà kọjá kó tó rí èyí tó ń wá. Lọ́dún 2005, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ bínú sí wọn ní gbangba, ó ní òun ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa lọ lo KDE. Nígbà tí GNOME 3 sì dé lọ́dún 2011, tó yí gbogbo ojú iṣẹ́ padà, àwọn kan gbé GNOME 2 àtijọ́, wọ́n sọ ọ́ di MATE, wọ́n ṣì ń tọ́jú ẹ̀ títí dòní. Ẹni tó yọ nǹkan kúrò á sanwó ẹ̀, ẹni tó ń fi kún un náà á sanwó tiẹ̀. Màmá tó pè ẹ́ yẹn ti bá ẹ san díẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kan sẹ́tíǹgì rárá. Jared Spool, tó ń ṣèwádìí nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń lo sọ́fítíwíà, sọ lọ́dún 2011 nípa ìgbà kan tí wọ́n gba fáìlì sẹ́tíǹgì Microsoft Word lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó yí ohunkóhun padà nínú ẹ̀ kò tó 5 nínú 100. Word ìgbà yẹn lè máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra ẹ̀, àmọ́ pípa ni wọ́n pa á. Àwọn tó ń lò ó rò pé Microsoft á ti mọ ìdí tó fi pa á, wọn ò sì tan án. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, kò sí ìdí kankan: ẹni tó kọ fáìlì náà kàn fi òdo kún gbogbo ẹ̀ ni, òdo sì ni pípa. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣègbé lọ́wọ́ àwọn èèyàn nítorí òdo tẹ́nì kan ò rò lẹ́ẹ̀mejì!

Nítorí náà, bó ṣe ti ọwọ́ yín jáde ni ọ̀pọ̀ wọn máa lò ó títí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lo agbára yín jù. Bí mo ṣe máa ń yà á sọ́tọ̀ nìyí: tí nǹkan bá yàtọ̀ nítorí pé ìgbésí ayé àwọn èèyàn yàtọ̀, bí ojú wọn ṣe ríran tó, èdè wọn, ọjà tí wọ́n ń tà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Tó bá yàtọ̀ nítorí pé ìwọ àti àbúrò rẹ ò tíì fẹnu kò, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fẹnu kò. “Tọ́jú” lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ yan ọ̀kan. Dúdú tàbí funfun, kọ̀ǹpútà ti mọ èyí tí onítọ̀hún yàn fún gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, ẹ bi kọ̀ǹpútà. Sẹ́fà náà, kò ní kọ́bọ̀. Ìlànà ISO 4217 tí àwọn báńkì fi ń kọ orúkọ owó kò fi ìdá kankan sí XOF, ìyẹn sẹ́fà wa, ṣùgbọ́n ó fi nọ́ńbà méjì sí náírà fún kọ́bọ̀. Tí ẹnì kan bá kọ 1.500 sí àyè sẹ́fà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni, kò lè jẹ́ nǹkan míì. Kí lẹ tún fẹ́ bi í sí?

Ti àwọn ará ọ̀dọ̀ wa tó ń gba owó méjèèjì, ìyẹn ò yẹ kó wà lójú-ewé sẹ́tíǹgì, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Níbi tí wọ́n ti ń kọ iye owó ni kí wọ́n ti yan án, kí ètò yín sì rántí èyí tí oníbàárà yẹn fi san kẹ́yìn.

Ìbéèrè rẹ kejì wá dá lórí fáìlì yín. Tó bá jẹ́ pé gbogbo sẹ́tíǹgì lẹ ń kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, ẹ ò ní mọ èyí tí èèyàn yàn yàtọ̀ sí èyí tó bá níbẹ̀. Ohun tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ yí padà nìkan ni kẹ́ ẹ kọ. Bí dconf, ibi tí GNOME ń tọ́jú sẹ́tíǹgì sí, ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo máa ń to bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ rí fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú fódà /etc/dconf/db/local.d, tí mo bá yí i lọ́la, ọmọ tí kò fọwọ́ kan nǹkan á bá tuntun, èyí tó ti yan tiẹ̀ á bá tiẹ̀ níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ wà tí mo tì pa, àmọ́ wọn ò pọ̀.

Fún wàhálà orí fóònù yẹn, lọ wo KDE. Láti Plasma 5.20, ẹ̀yà ojú iṣẹ́ KDE tó jáde lọ́dún 2020, bọ́tìnnì kan wà nínú sẹ́tíǹgì ẹ̀ tó máa ń fi àmì sí gbogbo ohun tí èèyàn ti yí kúrò ní bó ṣe wà. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí n tó ran ọmọ lọ́wọ́. Ẹ ṣe irú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bọ́tìnnì tó ń dá nǹkan padà sí tàtẹ̀yìnwá tì í.

Ìyá Kájú, Ṣábẹ̀

Abíọ́dún ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi kì í kọ ètò kọ̀ǹpútà, èmi ló ń lò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Láti oṣù kejì wọ oṣù karùn-ún, a kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Àwọn tó gbé kájú wá á tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan wà nídìí òṣùwọ̀n, ẹnì kan ń ka àpò, èmi wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí iye tí mò ń ra kílò kan láàárọ̀ ti wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀, kí n ṣáà máa kọ kílò. Tí owó bá yí lọ́sàn-án, kí n yí i lẹ́ẹ̀kan. Kó má sì máa bi mí lórí gbogbo àpò pé ṣé ó dá mi lójú.

Lọ́dún kan, ètò kan tí mò ń lò nígbà náà, kì í ṣe tiyín o, gba àtúnṣe láàárín àkókò kájú. Mo ṣí i láàárọ̀, àwọn bọ́tìnnì tí mo mọ̀ ti lọ síbòmíì, lẹ́tà sì ti kéré. Mo ti sọ fún un tipẹ́ pé kí lẹ́tà tóbi, ó gbàgbé. Àwọn èèyàn dúró tì mí, mo fọwọ́ kọ gbogbo ìwé ọjọ́ yẹn. Ti lẹ́tà yẹn ló dùn mí ju ti bọ́tìnnì lọ. Ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé mo ń wá ẹwà. Ohun tí olùkọ́ sọ nípa ẹni tó ti yan tiẹ̀, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé tuntun jáde, ẹ jẹ́ kí kájú tán ná.

Atẹ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n àti màmá ti sọ̀rọ̀. Èmi ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn níbí, mo sì fẹ́ fi èyí tó jẹ́ tiwa gan-an kún un.

Kíbọ́ọ̀dù AZERTY ti Faransé ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Lórí ẹ̀, téèyàn bá tẹ 1 láìtẹ Shift, & ló máa jáde; 2 á jáde bí é, 7 bí è, 0 bí à. Ẹni tó ní láápútọ́ọ̀pù kékeré tí kò ní àpótí nọ́ńbà lápá ọ̀tún á máa fi ìka di Shift mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí àtikọ owó. Níbi tó jẹ́ pé owó nìkan ló ń wọbẹ̀, kí lẹnì kan fẹ́ fi é ṣe? Ẹ jẹ́ kó di 2 níbẹ̀, kí à di 0, láìbéèrè, láìfi sẹ́tíǹgì sí i. Kìkì 6 ni kẹ́ ẹ ṣọ́, torí orí ẹ̀ ni àmì àyọkúrò wà. Tẹ́ ẹ bá ń fi àmì yẹn kọ owó tí wọ́n dá padà, ẹ wá bọ́tìnnì míì fún ìyẹn kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Ti èdè náà ńkọ́? Nínú CLDR, níbi tí àwọn sọ́fítíwíà ti ń mú orúkọ oṣù, ọjọ́ àti owó ní èdè kọ̀ọ̀kan, yo ni Yorùbá, ti Nàìjíríà ló sì máa ń gbé jáde. yo-BJ wà lọ́tọ̀ fún wa, ó ń fi ɛ, ɔ àti sh kọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ, ọ àti ṣ kọ lọ́hùn-ún. Àwọn kan níbí ń kọ ọ́ nílànà ti Benin, àwọn kan bíi tèmi ń kọ ti Nàìjíríà. Ẹ má fi orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà sọ pé òun wà pinnu èyí fún wa. Lójú-ewé tó kọ́kọ́ ṣí, ẹ kọ gbólóhùn kan náà lọ́nà méjèèjì, pẹ̀lú Faransé, kéèyàn fojú rí i, kó tẹ èyí tó lè kà. Ẹ má lọ fi pa mọ́ sísàlẹ̀ sẹ́tíǹgì.

Abíọ́dún, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, màmá mi, ẹ̀gbọ́n atẹ̀wé, ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti àbúrò mi ti jọ kà á. “Tọ́jú” á dúró sísàlẹ̀, dúdú àti funfun á máa tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà, ti AZERTY yẹn la sì máa kọ́kọ́ ṣe. Màmá, a ti gbọ́ ti kájú, kò ní sí ẹ̀yà tuntun láàárín ẹ̀.

Ẹni tó ti to bọ́tìnnì tiẹ̀, a ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tá a fẹ́ ṣe ni pé kí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára, tí kò ní yí padà níbi yòówù kí wọ́n gbé e lọ, kí n lè sọ lórí fóònù pé, “Mà, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 7 sí.”

Ẹ̀gbọ́n, fáìlì wa ló kù. Gbogbo sẹ́tíǹgì ló ti wà nínú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó báyìí. Báwo la ṣe máa mọ èyí tí wọ́n yàn?

Olùkọ́ Kétu

Ẹ gbé fáìlì oníkálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀yà tó ń lò ṣe ti ọwọ́ yín jáde. Èyí tó bá dọ́gba, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì ẹ̀. Èyí tó bá yàtọ̀, òun ló yàn án, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan á wà tó mọ̀ọ́mọ̀ yan ohun kan náà tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀, ẹ ò lè dá wọn mọ̀. Torí ìyẹn, ẹ má ṣe yí bí lẹ́tà ṣe tóbi tó padà nínú ẹ̀yà yìí, ẹ jẹ́ kó di èyí tó máa tẹ̀ lé e. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ síbi kan náà, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yà àtijọ́ sí orúkọ ẹ̀. Fi èyí tó o bá kọ ránṣẹ́ sí mi lópin ọ̀sẹ̀, màá dán an wò lórí ẹ̀rọ tó wà níbí.