Ayálégbé ni, kì í ṣe àfòmọ́

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìlọrin, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka ohun tí ẹ kọ lánàá lórí ráísóbíà, àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ tó ń mú kí ewé ẹ̀pà, ewé ẹ̀wà àti sitáílò tí à ń gé fún ẹran jẹ ta dáadáa. A jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún un, ẹ wá ní ká máa pè é ní "àfòmọ́ gbòǹgbò". Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo mi orí.

Àfòmọ́ kẹ̀? Ṣé àfòmọ́ tí àwọn àgbà ní kò légbò, tó jẹ́ igi gbogbo ló bá tan? Ohun tí kò ní gbòǹgbò tirẹ̀ lẹ wá fi jọba lórí gbòǹgbò ẹlòmíràn! Lóko bàbá mi, àfòmọ́ tó bá gun orí kòkó, àdá la fi ń kí i. Ẹ má sì sọ fún mi pé àfòmọ́ inú gírámà lẹ ní lọ́kàn. Àgbẹ̀ kì í ka mọfọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ ìhun ọ̀rọ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí nǹkan yìí ń ṣe ná. Náítírójìn kó nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́, síbẹ̀ ewéko kò lè mú un jẹ bẹ́ẹ̀. Ráísóbíà á wọ gbòǹgbò ẹ̀pà, gbòǹgbò á yọ kókó, inú kókó yẹn ni yóò ti máa sọ náítírójìn di oúnjẹ fún ẹ̀pà. Ẹ̀pà náà á máa fún un ní ṣúgà. Ó ń gbélé onílé, ó sì ń sanwó ilé. Ayálégbé gbòǹgbò lèyí! Ẹ má sọ pé "ilé" ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé kò yẹ ká tún fi gbòǹgbò kún un. Kókó gan-an ni ilé.

Ìyá mi àgbà, bó bá fa ẹ̀pà tu, á gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, á fi èékánná la kókó kan. Bí inú rẹ̀ bá pupa, á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́." Bó bá funfun tàbí tó ti di àwọ̀ ewé, á jù ú nù. Ọ̀gá Àgíríkì kan ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé òun gan-an, kì í ṣe Beijerinck onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló ya bakitéríà náà sọ́tọ̀ ní Nẹ́dálándì lọ́dún 1888.

Ẹni tó dá yín lóhùn wá kọ "kòkó gbòǹgbò". Kòkó là ń tà, kókò là ń sè, kókó ló wà lára gbòǹgbò. Ó ti kó ẹ̀pà lọ sí Oǹdó! Ó ní fóònù ló fà á. Fóònù kọ́.

Èyí tó wá ní ká pe ìyẹ̀fun dúdú oníráísóbíà tí wọ́n ń fi bo irúgbìn ní "àjẹsára irúgbìn", ọ̀rọ̀ òyìnbó, "inoculant", ló tàn án. Àrùn wo ló ń lé? Wọ́n á po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi ṣúgà, wọ́n á fi ra irúgbìn lábẹ́ ibòji, wọ́n á gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an torí oòrùn ń pa bakitéríà inú rẹ̀. Ìpara ni. "Kòkòrò ọlọ́rẹ" tí ẹlòmíràn ní ká máa pe ráísóbíà náà kò dùn mọ́ mi: àgbẹ̀ tó bá gbọ́ kòkòrò, ògùn apakòkòrò ló ń sáré rà.

Àbúrò wa tó ń gbé ní Bàhíà ló mú mi. Ó ní koríko ńkọ́? Ní Bràsíl, wọ́n ń fi bakitéríà mìíràn, Azospirillum, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Johanna Döbereiner ṣiṣẹ́ púpọ̀ lé lórí, ra irúgbìn bràkíárà tí màlúù ń jẹ. Èyí kì í yọ kókó rárá. Ẹ̀yìn gbòǹgbò ló sábà máa ń wà, ó sì ń mú kí gbòǹgbò náà pọ̀ sí i. Ṣé ẹni tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni à ń pè ní ayálégbé? Mo ṣì ń rò ó.

Ẹni tó sì ní òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi, ẹ ṣé, mo kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sórí "kókó" kí n tó dìde.