Láti Èkó sí Atlanta: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ọmọ Kábbà:
Ẹ̀yin ará Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, mo kí yín o. Ìyá mi fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ wọn ní Atlanta ní oṣù Kejìlá, wọn kò sì wọ bàálù rí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sọ pé bàálù yóò gbéra ní Èkó ní aago 11 alẹ́, yóò sì gúnlẹ̀ ní aago 5:30 òwúrọ̀. Nígbà àbọ̀, yóò gbéra ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, yóò sì dé Èkó ní aago 10 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣé wákàtí 6 àti ààbọ̀ wá ni àlọ, tí àbọ̀ jẹ́ 17? Ṣé kò sì ní sàn kí wọ́n gba Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù, níwọ̀n bí Àbújá ti sún mọ́ wa ju Èkó lọ? Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mọ wákàtí náà dájú.

Olùkọ́ Mọ̀pà:
Aago Nàìjíríà ni wọ́n fi kọ ìgbà tí bàálù yóò gbéra ní Èkó, aago Atlanta sì ni wọ́n fi kọ ìgbà tí yóò gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, aago tiwa fi wákàtí 6 ṣíwájú tiwọn, nítorí náà bí aago 5:30 bá lù lọ́hùn-ún, 11:30 àárọ̀ ni ní Kábbà: wákàtí 12 àti ààbọ̀ ni ìyá wa yóò lò lókè. Ní ti àbọ̀, ẹ yọ 6 kúrò nínú 17, yóò ku 11. Ká ní oṣù Kẹfà ni, 5 ni ẹ óò fi ṣírò, nítorí pé wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kọkànlá, àwa kì í sì í fọwọ́ kan tiwa.

Ọmọ Kábbà:
Ẹ ṣeun, sà. Kí ló wá dé tí àbọ̀ fi yá ju àlọ lọ?

Olùkọ́ Mọ̀pà:
Atẹ́gùn ni. Èkó sí Atlanta tó nǹkan bí 9,400 kìlómítà. Lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí kìlómítà 10 sí ilẹ̀, atẹ́gùn líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní apá Amẹ́ríkà àti àríwá òkun Àtìláńtíìkì, ó sì máa ń le sí i nígbà òtútù wọn. Bí bàálù bá ń lọ, ojú ni ó fi ń kò ó. Bí ó bá ń bọ̀, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ti ń tì í.

Ará Ìyàrá:
Òótọ́ ni pé Àbújá sún mọ́ wa. Ẹ óò gba Obájáná dé Lọ́kọ́ja, ẹ óò kọjá ní Kotonkarfe, Abaji àti Gwagwalada, pápákọ̀ òfuurufú sì wà ní apá ibi tí a ti ń bọ̀, kí ènìyàn tó wọ àárín ìlú rárá. Ṣùgbọ́n Àbújá sí Lọ́ńdọ̀nù tó 4,800 kìlómítà, Lọ́ńdọ̀nù sí Atlanta sì tó 6,800, èyí tí ó fi ohun tí ó lé ní 2,000 ju ọ̀nà tààrà lọ, kí a tó wá sọ ti ìdúró àti wíwá bàálù kejì kiri nínú pápákọ̀ tí ó tó ìlú kan. Àgbàlagbà tí kò wọ bàálù rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba Èkó, kí wọ́n sì ti sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣáájú. Kí oògùn wọn wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn bàálù, kí ẹ sì bi dókítà wọn bóyá aago Nàìjíríà ni wọn óò máa fi lò ó.