Ẹ̀yin tó ní ìwé nínú Word àtijọ́, báwo lẹ ṣe kó tiyín sínú tuntun?

Ọmọ Ìtókò
Ẹ kú ilé o. Ìwé ìtàn ìdílé wa ló gbé mi dé ibí. Bàbá wa àgbà ló ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ ní bíṣínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Sápọ̀n nígbà tí Word 2003 ṣì wà lóde, oríkì wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó ti kọjá lọ wà níbẹ̀, títí kan ààlà ilẹ̀ oko. Mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tuntun, ó ṣí o, àmọ́ gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ, ọ àti ṣ wà ti di àmì dọ́là àti àwọn kiní kan tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Wọ́n tún kọ Compatibility Mode sókè. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì Adátán
Hàà, ẹsẹ̀ adìyẹ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ìwé àdúrà ẹgbẹ́ wa náà rí bẹ́ẹ̀.

Tísà Máàtì
Tèmi ò kan lẹ́tà o. Ìbéèrè ìdánwò tí mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, gbogbo fraction àti square root inú ẹ̀, Equation Editor 3.0 ni mo fi ṣe wọ́n. Wọ́n ń hàn kedere, wọ́n sì ń tẹ̀ jáde, àmọ́ tí n bá ní kí n tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí n sọ 3 di 5, á ní òun ò rí ohun tí òun máa fi ṣí i. Mo rò pé láptọ́ọ̀pù ló ń ṣàìsàn, mo gbé e lọ bá bọ̀dá kan ní Kútọ̀, ìgbà yẹn ló sọ fún mi pé January 2018 ni wọ́n ti yọ kiní náà kúrò nínú Office torí wọ́n rí i pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba ibẹ̀ wọlé síni lára kọ̀ǹpútà. Mo gbà pé olè ò dáa, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ńkọ́? Tí iná bá ti dé lálẹ́ báyìí ni mò ń jókòó tún wọn tẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ayọ̀ Ọbáńtokò
Tísà ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó dùn mí.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Panseke
Ọmọ Ìtókò, nǹkan méjì ló pàdé lára fáìlì yín, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Compatibility Mode ò ní ewu kankan, ohun tó ń sọ ni pé .doc ni fáìlì yẹn, irú èyí tí Word 97 sí 2003 ń kọ, Word 2007 ló gbé .docx dé. Ẹ lọ sí File, Info, Convert, ó parí. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ Convert ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sínú fláṣì kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́, torí tuntun ló máa rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Ti lẹ́tà ló níṣẹ́ nínú. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ tó ṣe fọ́ǹtì Yorùbá, ààyè àmì mìíràn ni wọ́n gbà, wọ́n á ya ẹ sójú ibi tó yẹ kí dọ́là wà. Dọ́là ló wà nínú fáìlì yẹn látọjọ́ yìí, fọ́ǹtì ló ń bá a ya ẹ síta. Láptọ́ọ̀pù tuntun ò ní fọ́ǹtì yẹn, ohun tó wà nínú ló wá jáde. Convert ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ wá fọ́ǹtì yẹn lọ sára CPU àtijọ́ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fi sórí tuntun kẹ́ ẹ lè máa rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà, kẹ́ ẹ wá fi Find and Replace yí àwọn lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan sí Unicode, ìyẹn nọ́ńbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹ máàkì Match case, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà ńlá àti kékeré á dàrú mọ́ra wọn. Ẹ sì rántí pé ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àmọ́ àmì ohùn tó máa wà lórí ẹ̀ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ló ní, fọ́ǹtì tí ò bá dáa á gbé àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Akọ̀wé Ìjọ
Ẹ̀ ń da ara yín láàmú, ọmọ mi kàn lọ fi x sí ìdí doc ni, ó di docx.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Panseke
Sà, orúkọ lẹ yí, ẹ ò yí inú ẹ̀. Ẹ wo docx gidi, tẹ́ ẹ bá sọ ìdí ẹ̀ di .zip, ó máa ṣí, ẹ máa rí fódà nínú ẹ̀. Ẹ dán ti ọmọ yín wò bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Ìjọ
Màá dán an wò. Mi ò tíì gbà o.

Lọ́yà Ìbarà
Ó jọ pé ẹ ò rí ibi tí Ọmọ Ìtókò ti dárúkọ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta yìí! Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ń ṣe Find and Replace, tí owó dọ́là gidi bá wà níbì kan, òun náà á di lẹ́tà. Orúkọ ẹni tó bá yín pààlà lè yí padà tí ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ẹ̀dà tí àwọn àgbà fọwọ́ sí dà?

Ọmọ Ìtókò
Ó wà lọ́wọ́ àǹtí wa kan ní Lafẹ́nwá, mo máa lọ wò ó. Ẹ ṣeun sà, mi ò ronú débẹ̀.

Ìyá Ìbejì Adátán
Ẹ lọ lónìí o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọ́ là ń fi dọ̀la.

Ọmọ Aké
Ohun tí mò ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn, bébà ló dáa jù. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend tẹ̀ nínú ìlú wa níbí ní 1859, ẹni tó bá rí ẹ̀dà ẹ̀ lónìí á gbé e sójú á kà á. Tàná tàná yìí lẹ wá ń wá fọ́ǹtì fún.

Ayọ̀ Ọbáńtokò
Bébà kẹ̀? Ikán jẹ ìwé bàbá tèmi tán nínú àpótí, títí kan sáítífíkéètì. Ẹ̀yin gan-an, ibo lẹ ti rí Ìwé Ìròyìn?

Ọmọ Aké
Mo rí fọ́tò ẹ̀.

Ayọ̀ Ọbáńtokò
Lórí kí ni?

Ọmọ Aké
Lórí fóònù. Ó ṣáà wà lórí bébà kí wọ́n tó ya fọ́tò ẹ̀.

Ayọ̀ Ọbáńtokò
Ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ ká fàbọ̀ síbẹ̀.

Lọ́yà Ìbarà
Bọ̀dá Panseke, ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, WordPerfect ló ń lò, ètò mìíràn tí wọ́n fi ń tẹ ìwé bíi Word. Àgírímẹ́ǹtì pọ̀ lórí dísìkì rẹ̀, tí mo bá gbé wọn síwájú Word tuntun kò kà á rárá. Ṣé ọ̀nà wà?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Panseke
Ẹ gbé LibreOffice sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń ṣí WordPerfect. Tó bá ti ṣí, ẹ ṣe Save As sí docx. Dísìkì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́, torí náà ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde ná. Tísà, ẹ̀yin náà ẹ dán LibreOffice wò fún equation yẹn.

Tísà Máàtì
Ṣé òótọ́ ni? Mo ń dáùnlóòdù ẹ̀ báyìí, dátà ń lọ o.

Akọ̀wé Ìjọ
Mo dán ti zip yẹn wò, ó ní fáìlì náà ò dáa. Bọ̀dá, èló lẹ ń gbà? Ìwé ìpàdé ìjọ pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Panseke
Sà, ẹ gbé wọn wá kí n fojú rí i ná. Ẹ gbé CPU àtijọ́ yẹn dání o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ́máàtì ẹ̀.