Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sáwọn sójà tọ́wọ́ ọ̀tá tẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa níbí l'Ábújá ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n màmá àgbà mi wà lára àwọn sójà tí wọ́n kó lọ Bọ́mà nígbà ogun Hitler, ọwọ́ àwọn Japan sì tẹ̀ wọ́n. Màmá àgbà ní ìyá àwọn dín kúlíkúlí ní Ọ̀fà, ó rọ ọ́ sínú agolo, ó fi aṣọ wé e, ó rán an yíká, ó ní kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́ sọ́mọ òun. A ò gbọ́ bóyá ó débẹ̀.

Mo ti kà á pé òfin Geneva ti 1929, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú sójà tọ́wọ́ ọ̀tá tẹ̀, fàyè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, Red Cross náà ń di páálí fáwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́wọ̀n ní Jámánì, tíì, ṣúgà, mílíìkì inú agolo, bísíkíìtì, ọṣẹ pàápàá, bíi kílò 5. Àmọ́ Japan buwọ́ lùwé òfin yẹn lásán ni, wọn ò sọ ọ́ dòfin nílé wọn, páálí díẹ̀ ló dọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mú. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti lọ sí National Archives Kàdúná rí? Ṣé fáìlì àwọn sójà Bọ́mà wà ńbẹ̀, ṣé dandan ni kéèyàn mú lẹ́tà dání? Ẹni tó bá sì ti kọ̀wé sí Red Cross ní Geneva, kí ni wọ́n bi yín? Orúkọ àti ìlú ẹ̀gbọ́n màmá àgbà nìkan la ní, nọ́ńbà sójà wọn ti sọnù. Màmá àgbà ti lé ní 90, ẹ bá mi dá sí i kíákíá.