Kọ́kọ́rọ́ báàgì ti sọnù, mi ò sì fẹ́ ba báàgì jẹ́. Báwo ni kí n ṣe ṣí i?

Arìnrìnàjò:
Ẹ kú ilé o. Báàgì méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, aṣọ ni ara rẹ̀, síìpù rẹ̀ ní orí méjì, àgádágodo kékeré aláwọ̀ idẹ ló so orí méjèèjì pọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì tó bá a wá ti sọnù. Oògùn ìfúnpá màmá wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò ó lálẹ́ òní. Báàgì kejì jẹ́ ti ike líle, onínọ́ńbà mẹ́ta. Nọ́ńbà tí a mọ̀ kò ṣí i mọ́. Ihò kọ́kọ́rọ́ kan wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò rí kọ́kọ́rọ́ yẹn rí. Alẹ́ ọ̀la ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti Èkó lọ sí London. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Aránbàágì:
Ẹ má fi ọ̀bẹ kan báàgì yẹn o. Àgádágodo lowó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ohun tó wà níwájú yín. Síìpù ló ṣòro láti pààrọ̀, torí ẹni tó máa rán òmíràn sí i gbọ́dọ̀ tú gbogbo etí báàgì kó tó lè débẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ oògùn lẹ ń wá, báírò lásán á ṣe é. Ẹ wo eyín síìpù náà dáadáa ná. Bó bá jẹ́ ọ̀rá, tó lọ́ wẹ́wẹ́ bí okùn tín-ín-rín tí wọ́n ká, á ṣí. Bó bá jẹ́ eyín irin, tàbí eyín ike tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má dán an wò rárá. Eyín á yọ, kò sì ní í ṣe é dá padà.

Ẹ tẹ́ báàgì sílẹ̀, ẹ na ẹ̀gbẹ́ síìpù méjèèjì kó le. Ibi tó lọ tààrà ni kí ẹ mú, kì í ṣe kọ̀rọ̀ ibi tó ti yí, kó sì jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí orí síìpù. Ẹ ki ẹnu báírò bọ ojú ìlà tí eyín ti pàdé, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi wọlé. Bó bá ti wọlé, ẹ máa fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, síìpù á máa là tẹ̀lé e. Ẹ má là á ju ibi tí ọwọ́ yóò gbà wọlé lọ.

Láti pa á dé, ẹ di orí síìpù méjèèjì mú pọ̀ tàgádágodo-tàgádágodo, ẹ fà wọ́n kọjá ibi tó là títí ẹ ó fi kọjá òpin rẹ̀. Orí tó ṣíwájú á máa tú eyín, èyí tó wà lẹ́yìn á máa pa á dé. Lẹ́yìn náà ẹ dá wọn padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Bó bá ń há, ẹ fi àbẹ́là pa eyín náà. Bí síìpù ṣe rọrùn láti là tó yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó owó tàbí wúrà sínú báàgì tí ẹ máa fà lé ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́. Oògùn náà, báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí tí wọ́n tà á pẹ̀lú rẹ̀.

Bàbá Onírin:
Báírò ti yanjú ti alẹ́ òní, ṣùgbọ́n àgádágodo yẹn ṣì gbọ́dọ̀ kúrò.

Kí ẹ tó gé e, ẹ yá kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kékeré mìíràn ládùúgbò, pàápàá ti èyí tó bá jọ ọ́. Oríṣi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ṣe fún irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ti ọ̀kan sì máa ń ṣí òmíràn. Ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí ihò rẹ̀, ẹ má sì fi agídí yí i. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ṣẹ́ sínú rẹ̀ ti dí ọ̀nà nìyẹn.

Bí kò bá ṣí, ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ gé. Ara rẹ̀ lè jẹ́ idẹ, ṣùgbọ́n irin ni ọrùn yẹn, kì í sì sábà nípọn ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Ẹ̀mú ìgéwáyà tí àwọn oníná ń lò lè gé e bí irin náà bá rọ̀. Bó bá le, ẹnu ẹ̀mú ni yóò ya. Ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn tí àwọn tó ń jó irin ń lò, ti ínǹṣì 12 tàbí 14, á gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ayùn irin nìkan lẹ rí, èyí tó ní eyín 24 tàbí 32 nínú ínǹṣì kan ni kí ẹ lò. Eyín ńlá máa ń há mọ́ irin tín-ín-rín, ayùn á sì kán.

Ẹ ki páálí nípọn sábẹ́ ọrùn àgádágodo, ẹ fi aṣọ tútù bo síìpù. Èérún irin tó bá bọ́ sáàárín eyín síìpù ni yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí ara àgádágodo kúrò lójú ibi tí ẹ gé, orí síìpù á bọ́. Bí kò bá yí, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ bo ojú yín o, irin tó bá ta kì í wo ibi tó ń lọ.

Bó bá jẹ́ ahọ́n síìpù, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń fa orí rẹ̀, ni àgádágodo kọ́, tí kì í ṣe orí náà fúnra rẹ̀, ahọ́n yẹn lè rọrùn láti gé ju irin lọ. Òrùka kọ́kọ́rọ́ kékeré á dípò rẹ̀. Orí síìpù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Agékọ́kọ́rọ́:
Ẹ dákun, ẹ má wá kọ́kọ́rọ́ báàgì kejì mọ́. Bí àmì dáyámọ́ńdì pupa bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, tí wọ́n kọ TSA002 tàbí TSA007 sí i, ihò yẹn kì í ṣe tiyín. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, láti 2003, kí wọ́n lè yẹ báàgì wò láì fọ́ ọ. Wọn kì í fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kún báàgì nígbà tí wọ́n bá ń tà á.

Nọ́ńbà ni kí ẹ dojú kọ. Láti 000 dé 999, ẹgbẹ̀rún kan ni. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 2, gbogbo rẹ̀ á tán ní bí ìṣẹ́jú 35. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán 000 wò, torí òun ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dán àwọn tó yí nọ́ńbà yín ká wò. Ká ní 472 ni: 3, 4, 5 fún ti àkọ́kọ́, 6, 7, 8 fún ìkejì, 1, 2, 3 fún ìkẹta. Ọ̀nà 27 péré ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹrù ti tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yí nọ́ńbà padà nígbà tí báàgì wà ní ṣíṣí, ọ̀kan nínú nọ́ńbà sì yẹ̀.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí àlàfo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rọra yí i. Lára ọ̀pọ̀ wọn, kòtò kékeré kan á yọjú nísàlẹ̀. Ẹ to kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan náà, ẹ gbìyànjú láti ṣí i. Bí kò bá ṣí, ẹ yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò lè ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Arìnrìnàjò:
Ẹ ṣé gan-an ni, oògùn ti jáde. Ṣé báírò kò lè ṣí onínọ́ńbà náà ni?

Aránbàágì:
Á ṣí i bí síìpù rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rá, àmọ́ kò ní í ṣe é pa dé. Ahọ́n síìpù méjèèjì ti wọnú àgádágodo tó lẹ̀ mọ́ ara báàgì, ẹ ò lè fà wọ́n kọjá ibi tó là. Ẹ fi nọ́ńbà ṣe é. Bó bá jẹ́ èyí tí kò ní síìpù, tó jẹ́ irin ló yí etí rẹ̀ ká, ẹ má ki sukurudíráfà bọ̀ ọ́. Irin yẹn á tẹ̀, ìdérí ò sì ní bá ara mu mọ́.

Agékọ́kọ́rọ́:
Bó bá ti ṣí, kí ẹ tó pa á dé, ẹ fi ẹnu báírò tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà títí á fi dún kẹ̀, ẹ to nọ́ńbà tuntun, ẹ wá ti ibi tí ẹ fi ń ṣí i kí bọ́tìnì yẹn lè ta jáde. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú báàgì ní ṣíṣí. Báàgì aláṣọ, okùn ike tí àwọn oníná fi ń di wáyà tó o; ẹ so orí síìpù méjèèjì, kí ẹ sì fi méjì mìíràn sínú àpò ìta báàgì, torí bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀, wọ́n á gé ti àkọ́kọ́.