Thunderbird tó gba gbogbo àyè lórí laptop: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín sí ìbéèrè mi nípa Thunderbird, ètò tí a fi ń ka ímeèlì, tó gba gbogbo àyè. Laptop àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú, tí Thunderbird kún dísìkì rẹ̀, ti mí: fódà Profiles, níbi tó ń kó lẹ́tà sí, ti wálẹ̀ láti GB 31 sí GB 4.

Bí a bá pa lẹ́tà rẹ́, Thunderbird kàn ń sàmì sí i ni. Ó ṣì wà nínú fáìlì títí a ó fi ṣe Compact, àṣẹ tó ń yọ àwọn lẹ́tà tí a ti pa rẹ́ kúrò nínú fáìlì. Compact fúnra rẹ̀ ń kọ ẹ̀dà tuntun kó tó ju ti àtijọ́ nù, nítorí náà ó nílò àyè. Ibi tó ti há nìyẹn. Ẹ ti Thunderbird pátápátá, kí ẹ kọ́kọ́ pa global-messages-db.sqlite (atọ́ka tó fi ń wá lẹ́tà) rẹ́, kò léwu, Thunderbird á tún un kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún Thunderbird ṣí, kí ẹ wá ṣe Compact.

Nínú Account Settings, ní Synchronization & Storage, ẹ yọ àmì "Keep messages in all folders for this account on this computer". Ìyẹn kì í kó ohun tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ kúrò: ẹ tún ti Thunderbird, kí ẹ pa fáìlì INBOX rẹ́ nínú fódà ImapMail. IMAP (tí lẹ́tà ṣì wà lórí sáfà) nìkan o! Ti POP (tó ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà) wà nínú fódà Mail. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó lè má sí níbòmíràn mọ́.