“Irin idán” tàbí “irin apidán”?

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kún o.

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè orúkọ tó yẹ ká máa pe ohun onírin tí àwọn apidán orí ìtàgé ń lò, ẹ ṣé é. Ẹ̀yin fara mọ́ “irin idán”. Àbúrò wa láti Mọ̀pà ní “ẹ̀rọ idán” ló tọ́. Èmi ò gba ìkankan. Kí ló wà lára òrùka tó ń yí tí a ó fi pè é ní ẹ̀rọ? “Irin idán” ní tiẹ̀, bí ẹ bá sọ ọ́ níwájú ìyá mi ní Kàbà, òògùn lọkàn rẹ̀ máa lọ bá. N ò dá a lẹ́bi: idán tí Professor Peller ń pa lórí ìtàgé kó tó kú ní 1997, àti èyí tí wọ́n ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ lábúlé, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Wẹ́dà ni mí. Lọ́dún tó kọjá, tíṣà kan gbé àwòrán òrùka mẹ́jọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, irú èyí tí wọ́n ń kó sínú ara wọn lójú èèyàn. Mẹ́ta ti kọ́ ara wọn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, méjì náà kọ́ra, méjì dá wà, ìkẹjọ nìkan ló ní àlàfo. Mo tẹ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ po mọ́ ara sílíńdà gáàsì, mo jó méje pa, mo sì fi fáìlì ha ojú ibi tí mo jó títí ìka mi fi ń kọjá níbẹ̀ láìmọ̀. Oníàlàfo yẹn ló yọ mí lẹ́nu. Àlàfo náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀pá òrùka kejì kọjá, síbẹ̀ kí ìka apidán lè bò ó. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fẹ̀ jù, mo sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibẹ̀ la ń fi aṣọ iṣẹ́ kọ́ sí báyìí.

Ọmọ iṣẹ́ mi ò dúró de ìjíròrò kankan. “Ọ̀gá, ẹlẹ́nu yẹn ńkọ́?” Òrùka ẹlẹ́nu, ó parí! Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn Òyìnbó ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Ife bàbà tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, kí bọ́ọ̀lù kékeré lè jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní ife oníkòtò. Owó ẹyọ tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kí òmíràn lè wọlé sí i, èèpo owó ni. Àmọ́ ẹnà ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo wọn o. Apidán tó bá pe “ẹlẹ́nu” níwájú èrò ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Fún gbogbo wọn lápapọ̀, “irin apidán” ni tèmi. A máa ń sọ pé abẹ onígbàjámọ̀; ẹni tó ni ín la dárúkọ, ẹ̀rù ò sì ba ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan ní kí wọ́n máa pe irú wa ní “arọdán”. Rárá o! Irin ni mo rọ, n ò rọ idán. Robert-Houdin, ará Faransé tí wọ́n bí ní 1805, iṣẹ́ aago ló kọ́ kó tó di apidán, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe púpọ̀ nínú ohun tó fi ń pidán. Ṣé arọdán lòun náà? Bí mo bá kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi pẹ́nrẹ́n, ta ló tún máa gbé géètì wá fún mi jó?

Ẹ̀gbọ́n, bí “irin apidán” ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú òmíràn wá. Ẹ ṣáà má mú ẹ̀rọ wá.